Ìwé Ìròyìn nígbà ogun Ìjàyè: ọ̀dọ̀ ta ni ìwé náà wà?

Bí wọ́n bá bi ọmọ iléèwé léèrè ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn: Henry Townsend, Abẹ́òkúta, 1859. Olùkọ́ á sàmì sí i pé ó gbà á, ọ̀rọ̀ parí. Báyẹn ni èmi náà ṣe kọ́ ọ sórí. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbé ọjọ́ tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, 3 Oṣù Kejìlá 1859, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí ogun Ìjàyè bẹ́, ìyẹn 1860. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là sí i pé ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa bí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lásán, inú ogun ló dàgbà sí, ìjà ló sì pa á.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú nípa rẹ̀ ni pé Òyìnbó míṣọ́nnárì ni Townsend, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ìjọba Òyìnbó tó wà l'Ékòó. Ẹ̀gbá ló ń gbèjà, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà parun sí. Ta wá ni ìwé náà ń bá ṣe? Ìbéèrè gidi ni, ẹni tí kò bá sì tíì mọ ẹni tó ń bá ẹni jà lọ́dún náà kò lè rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Ní kíkún, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ni wọ́n ń pè é. Etí wa lónìí gbọ́ ọ bí ẹni tó sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé Ẹ̀gbá kì í ṣe Yorùbá ni? Lẹ́nu àwọn èèyàn ìgbà náà, rárá. Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti àwọn tó tú jáde lára Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Yorùbá. Ọmọ Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá ni. Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú ni. Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kàwé ní Sàró (Sierra Leone) kí wọ́n tó padà wálé, ni wọ́n ń na orúkọ Yorùbá bo gbogbo wa. Lọ́dún 1859, nínà yẹn kò tíì dé ilé gbogbo èèyàn. Nítorí náà, orílẹ̀ méjì ni ìwé yìí ń kí lórí àkọlé rẹ̀, bí ẹni tó ń kí ọkọ àti ìyàwó pa pọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́fà tó jáde, ọmọ ogun Ẹ̀gbá ti ń kọjú ìbọn sí Yorùbá ti Ìbàdàn, wọ́n sì wà nínú àgọ́ kan náà pẹ̀lú Yorùbá ti Ìjàyè.

Ohun tó fa ogun náà kò ṣòroó sọ. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí ọmọ rẹ̀, Adélù, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó jẹ́ olórí Ìjàyè, ní òun kò gbà. Ẹni tó ti bá Àtìbà ṣe láti ọjọ́ tí Ọ̀yọ́ ti tú kò ní foríbalẹ̀ fún ọmọ tí àṣà kò fi joyè. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé igbó kan kò gba ẹfọ̀n méjì: Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń wo ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú Ìbàdàn pàápàá, ẹnu kò kò. Balógun Ìbíkúnlé fẹ́ kí wọ́n fi sùúrù yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ògúnmọ́lá ló fẹ́ ogun, ogun náà ni wọ́n sì jà.

Kí ló kan Ẹ̀gbá níbẹ̀? Ọ̀nà. Bí Ìbàdàn bá gba Ìjàyè, kò ní sí ẹni tó tó o tì mọ́ nílẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì fẹ́ẹ́ gùn dé etíkun. Ẹtu ìbọn, aṣọ, iyọ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkun wá, ìlú ẹlòmíràn ni Ìbàdàn ní láti gbà kọjá kó tó rí wọn rà. Ẹ̀gbá di ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú náà di tiwọn. Ogun tí Kúrunmí bẹ̀rẹ̀ nítorí àṣà wá di ogun ọjà àti ọ̀nà. Kúrunmí fúnra rẹ̀ kò rí òpin rẹ̀. Ó kú ní 1861 lẹ́yìn tí ogun ti pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjàyè tú ní Oṣù Kẹta 1862. Ìjà kò tán síbẹ̀ o: ó kàn ṣí lọ sí Rẹ́mọ ni, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1865.

Nínú gbogbo èyí, Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn wà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ọgọ́fà owó ẹyọ ni iye rẹ̀, ìyẹn okùn owó ẹyọ mẹ́ta. Townsend, ọmọ Exeter ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wà láàárín Ẹ̀gbá láti 1846, ó sì ti wá wo ìlú náà ní 1843 ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1854, ó ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ nínú ọgbà míṣọ́nnárì, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ títo lẹ́tà àti títẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí èyí: ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló to àwọn lẹ́tà náà. Ohun tí Townsend sọ pé òun ń wá ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára, kí wọ́n máa fi ìwé kíkà wá ohun tó ń lọ. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó kú, míṣọ́nnárì tó rìnrìn àjò: irú nǹkan báyìí ló kọ́kọ́ kún inú rẹ̀. Nígbà tó yá, iye owó òwú wọ inú rẹ̀, ìpolówó ọjà wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣèlú náà wọ inú rẹ̀.

Ní 1860, ọdún ogun gan-an, wọ́n fi ojú ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì kún ti Yorùbá. Mi ò lè gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Ojú ìwé Yorùbá ń bá ará Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀: ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á ka á sókè, àwọn tó jókòó tì í á gbọ́. Ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn Sàró tó ń kà á nílé, ṣùgbọ́n ó tún ń gba ojú odò Ògùn lọ sí Èkó, láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ àwọn olórí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó rán Townsend wá, sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò òwú ní Manchester, sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ní ìwé báyìí lọ́wọ́ lè sọ fún àwọn Òyìnbó tó wà lókèèrè irú ogun tí ogun Ìjàyè jẹ́, ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre. Ìbàdàn kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan ṣoṣo, CMS, ló ní èèyàn ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ogun náà kàn jù. Townsend wà ní Abẹ́òkúta. Adolphus Mann àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìjàyè, níbi tí ebi àti ìbọn ti ń pa èèyàn lójú wọn. David Hinderer àti Anna, ìyàwó rẹ̀, wà ní Ìbàdàn láti 1853. Ẹ̀sìn kan, ọ̀gá kan, Bíbélì kan. Ṣùgbọ́n ìlú tí kálukú ń gbé ni kálukú ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Lójú Townsend, Abẹ́òkúta ni ilé iṣẹ́ ìhìn rere; ibẹ̀ ni gbogbo làálàá míṣọ́nnárì wà, òun ni ìlú tí Dàhòmì gbógun tì ní 1851 tí kò sì wó, ogun Ìbàdàn kò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí ogun àwọn tó ń wá ẹrú. Lójú Hinderer, àwọn Ìbàdàn ní ẹjọ́ tiwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́, àwọn Ẹ̀gbá tó di ọ̀nà ló sì ń fi ebi pa òun àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ òun. Ní tòótọ́, ọ̀nà dí mọ́ Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ fún bí ọdún márùn-ún. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rówó ẹyọ jẹun.

Hinderer kọ lẹ́tà títí, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe ìwé ìròyìn. Abẹ́òkúta nìkan ni ẹ̀rọ tó ń tẹ ìròyìn jáde wà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ka ìròyìn ogun náà bí Abẹ́òkúta ṣe tẹ̀ ẹ́, apá kan là ń gbọ́, àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Mi ò sọ pé Townsend purọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta, tó ń bá Aláké àti àwọn ìjòyè kọ lẹ́tà wọn ní Gẹ̀ẹ́sì (Townsend ṣe irú iṣẹ́ akọ̀wé bẹ́ẹ̀ fún wọn fún ọdún púpọ̀), inú odi ìlú ló ti ń wo ogun. Ọmọkùnrin kékeré kan wà lágbo ilé Hinderer ní Ìbàdàn nígbà náà, Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Òun ló wá kọ ìtàn ogun yìí bí àwọn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ṣe rí i. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, kò sì rí ìtẹ̀jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ọgọ́ta ọdún ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí apá Abẹ́òkúta dé orí bébà àti ìgbà tí gbogbo ayé rí apá Ìbàdàn kà.

Ẹ tún rántí bí ìròyìn ṣe ń rìn lásìkò ogun. Kò sí wáyà, kò sí ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó sá láti ojú ogun ló ń sọ ohun tó rí, ẹni tó gbọ́ ọ á sọ fún ẹlòmíràn, lẹ́tà á gba ọwọ́ ìránṣẹ́ tó ń rìn lóru. Àpẹẹrẹ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ní Oṣù Kẹta 1862, oṣù tí Ìjàyè tú náà, Dàhòmì kọlu Ìṣágà, ìlú kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, wọ́n kó èèyàn lọ, olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Doherty sì wà lára wọn. Ìròyìn tàn dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti kan ọkùnrin náà mọ́ igi bíi Jésù. Àwọn èèyàn sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dá owó. Irọ́ ni. Ó wà nígbèkùn, kò kú, nígbà tó yá ó padà wálé láàyè. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lè má mọ̀ pé irọ́ ni. Ogun ló mú kó rọrùn láti gbà gbọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ Èkó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní Oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ogun gbóná janjan. Ohun tí àwọn aláṣẹ tuntun yìí fẹ́ kò ju kí ọ̀nà ṣí kí ọjà lè máa wọlé, kí owó orí ẹrù lè máa wọ àpò ìjọba. Ta ló ń di ọ̀nà? Ẹ̀gbá. Nítorí náà, kò pẹ́ tí ojú Èkó fi kúrò lára Ẹ̀gbá tí wọ́n ti ń bá ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, tó sì kọjú sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn tó fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Èkó fẹ́ fi aṣojú kan sí Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá kọ̀, wọ́n ní àwọn mọ bí aṣojú ṣe ń di aláṣẹ. Wọ́n ti rí ti Èkó.

Ẹ wá rí ibi tí Townsend bá ara rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n kò gbà pé ohun tó dára fún ilé ìgbowó-orí-ẹrù l'Ékòó ló dára fún Abẹ́òkúta. Ìwé rẹ̀ ń gbèjà Ẹ̀gbá, inú àwọn aláṣẹ Èkó kò sì dùn sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Òyìnbó, Òyìnbó náà ni, pé míṣọ́nnárì àti gómìnà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó wá kọ́ ilé sí ìlú àti ẹni tó dúró sí etíkun tó ń ka àgbá epo. Síbẹ̀, kí á má sọ Townsend di ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ wa ṣe olórí ara wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní 1864, Townsend wà lára àwọn tó ta kò ó jù. Ó fẹ́ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ wọn lábẹ́ ìtọ́sọ́nà ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi yí padà lẹ́yìn náà.

Ìwé ìròyìn mìíràn tún jáde nígbà ogun náà, l'Ékòó ní 1863: Anglo-African, ti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé nílé. Campbell kan náà ni òun àti Martin Delany bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn ní Oṣù Kejìlá 1859, pé kí àwọn èèyàn dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àdéhùn náà kò sì gbérí. Kódà, kí ìwé rẹ̀ tó jáde, Gómìnà Freeman ti ń wá bí wọn yóò ṣe fi owó orí dí ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kò gbà á fún un. Bí ìwé méjì péré ṣe ń ba gómìnà lẹ́rù tó nìyẹn.

Àwọn Ẹ̀gbá gbógun lọ dí Ìkòròdú nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ń gbà dé Ìbàdàn. Ní 29 Oṣù Kẹta 1865, Glover, olórí ìjọba Òyìnbó l'Ékòó nígbà náà, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, kó àwọn sójà jáde láti Èkó, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sáàárín àgọ́ Ẹ̀gbá, àgọ́ náà tú ká. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá kú lọ́jọ́ yẹn. Ogun Ìjàyè parí síbẹ̀ ní ti gidi, ṣùgbọ́n ohun tó kù sínú Ẹ̀gbá kò parí. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti fọkàn tán, tó ti fún wọn ní ìbọn nígbà Dàhòmì, ló wá yìn wọ́n níbọn. Ó ṣòro, lẹ́yìn ìyẹn, láti ṣàlàyé fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní Ìkòròdú pé Òyìnbó tó wà ní Aké yàtọ̀ sí Òyìnbó tó wà l'Ékòó.

Ọdún yẹn náà ni àwọn Sàró gba gègé lọ́wọ́ míṣọ́nnárì. George William Johnson, Sàró tó dé sí Abẹ́òkúta, dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso kan sílẹ̀ ní 1865, Báṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí rẹ̀, Johnson ni akọ̀wé. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Ẹ̀gbá lè ṣe ìjọba ara rẹ̀ bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tó lajú, kí wọ́n gba owó orí ẹrù fúnra wọn, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi Townsend ṣe? Akọ̀wé ti dé, ọmọ dúdú ni, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe yẹ. Ọ̀wọ̀ tí ìwé ìròyìn náà ní láàfin kò lè dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 1866, wọ́n ya ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀.

Nígbà tí Glover wá ń gbé àwọn ọlọ́pàá Èkó lọ dúró sí àwọn ibi tí Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ tiwọn ní 1867, sùúrù tán. Ní 13 Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Àìkú, àwọn èèyàn ya wọ àwọn ilé ìjọsìn àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀. Ìfọ́lé ni orúkọ tí ọjọ́ náà ń jẹ́ títí dòní. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lọ sí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè tó ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí, lójú tèmi: kì í ṣe ohun tí Ìwé Ìròyìn kọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó wọlé lọ́jọ́ náà kò mọ̀wé kà. Ilé Òyìnbó ni wọ́n fọ́. Ẹ̀rọ náà wà nínú ilé Òyìnbó. Bó ṣe gbèjà wọn tó fún ọdún márùn-ún kò hàn lára irin àti lẹ́tà òjé.

Àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tó sá kúrò nílé ṣíkọ̀ lọ sí Èkó, Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀ di òní. Ní 1888, Andrew Thomas bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá kan l'Ékòó. Ìwé Ìròyìn Èkó ni ó pè é. Kò sí Ẹ̀gbá lórí àkọlé rẹ̀, kò sí Yorùbá. Orúkọ ìlú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti jáde lọ sí Ìkòròdú nìkan ló wà níbẹ̀.